Kì Í Ṣe Òòyì Ló Ń Kọ́ Màmá Ṣìkẹ́mi

Ẹ jẹ́ kí máìkì yìí wà lọ́wọ́ mi. Àlùfáà Afọláyan ti kìlọ̀ fún mi ní yàrá ẹ̀yìn pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí n sọ ọ́ fún Ọlọ́run ní kọ̀rọ̀, kí n má da ìsìn ìdágbére Màmá Ṣìkẹ́mi rú. Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ni mo parọ́ fún, gbogbo ìjọ náà ló máa gbọ́ òótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mú mi jókòó, kó dìde wá mú mi. Màmá tí ẹ kóra jọ láti sìn lọ máa gbé ní Èkó lónìí, tí ẹ ní òòyì ti sọ di aláìlera, kò sí òòyì kankan lára wọn. Èmi Bọ̀wálé, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ni mo fà á, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fà á ni.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ èmi àti Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀. Kí n tó dé Ìkẹ́nnẹ́, àwọn ló ń tẹ ìwé ìkéde tí à ń pín lọ́jọ́ Ìsinmi. Nígbà tí ẹ gbà mí síṣẹ́, ẹ ní kí èmi máa tẹ̀ ẹ́, kí Màmá sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà. Inú mi ò dùn sí i. Mo ní kí ni olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ kọ́ èmi tí mo kàwé kọ̀ǹpútà. Ẹ wo ìgbéraga. Àfi bí mo ṣe to orúkọ Bàbá Lásúnkànmí mọ́ àwọn olóògbé tí a fẹ́ ṣe ìrántí wọn, bàbá tó wà láàyè, tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn báyìí. Màmá rí i, wọ́n sì sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n ní, "Bọ̀wálé, ọwọ́ rẹ yá ju ojú rẹ lọ. O fẹ́ sin ẹni tó ṣì ń jẹun." Ni gbogbo yín bá bú sẹ́rìn-ín. Títí di òní, Asìnkú ni àwọn ọ̀dọ́ akọrin ń pè mí. Ẹ má díbọ́n pé ẹ ò rántí. Òótọ́ ni Màmá sọ, ṣùgbọ́n mo dì í sínú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Màmá ní lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ti kéré jù fún ojú àwọn. Linux ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Mo dín ìwọ̀n ojú rẹ̀ kù kí lẹ́tà lè tóbi. Lẹ́tà tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò dín pápá iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kù. Ó wá dà bí ẹni tó ń gba ojú fèrèsé kékeré wo àgbàlá ńlá. Bí Màmá bá ti ti máòsì dé etí, gbogbo ojú ìwé á sún lọ. Bí wọ́n bá fà á padà, á tún sún. Mo rí i lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì mọ àtúnṣe rẹ̀. Ìlà àṣẹ kan péré ni mo ní láti tẹ̀, tí pápá yẹn á fi bá ojú kọ̀ǹpútà dọ́gba, tí ohun gbogbo á sì dúró. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Màmá di etí tábìlì mú. Wọ́n ní, "Bọ̀wálé, ṣé ìwọ náà rí i pé ó ń lọ?" Mo ní, "Rárá o, Mà. Ó dúró jẹ́ẹ́."

Ẹ rọra kùn, mi ò tíì débi tó burú jù. Màmá ní òòyì ń kọ́ àwọn, ẹ ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà." Nílùú wa, àgbà kì í sọ pé ara òun ò yá kí ọmọdé máa tọpinpin rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì sá pamọ́ sí. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè ohun tí wọ́n ń wò nígbà tí òòyì náà bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Ṣìkẹ́mi nìkan ló ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Kí wọ́n tó wọlé, mo ti tẹ ìlà àṣẹ yẹn. Wọ́n jókòó, wọ́n ti máòsì sókè sódò, ojú ìwé ò mira. Wọ́n yíjú sí ìyá wọn, wọ́n ní, "Màmi, kò sí nǹkan tó ń lọ níbí o." Màmá kàn bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún ṣáá. Bí Àǹtí ṣe jáde báyìí, mo dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìkà ni mí, mo gbà.

Wọ́n gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Ṣàgámù, dókítà ní òun ò rí nǹkan kan. Màmá ní ohun tí dókítà ò bá rí ló ń pani. Ìbẹ̀rù wọ ẹsẹ̀ wọn. Wọn ò gun ọ̀kadà lọ kí àbúrò wọn ní Ìpẹ̀rú mọ́, wọn ò gbé ọmọ-ọmọ wọn mọ́ kó má bàa já bọ́. Ẹ gbààwẹ̀ fún wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, àmín tèmi ló ròkè jù. Lánàá, mo lọ bá wọn di ẹrù. Mo rí wọn lórí àtẹ̀gùn ilé tí àwọn àti ọkọ wọn jọ kọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀, wọ́n di ògiri mú. Wọ́n ní, "Bọ̀wálé, ìwọ lo dúró tì mí. Ọlọ́run á dúró tì ọ́." Mi ò lè ṣe àmín.

Alàgbà tó ń fọwọ́ pè mí pé kí n sọ̀kalẹ̀, mi ò sọ̀kalẹ̀. Ẹ fẹ́ lé mi lẹ́nu iṣẹ́? Ẹ lé mi. Mi ò ní kó ẹ̀bi yìí sí Èṣù lọ́rùn, kì í ṣe òun ló jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ ẹ̀rọ yìí ju àwọn òbí yín lọ, ẹ má fi ohun tí wọn ò mọ̀ dẹ́rù bà wọ́n láé. Màmá, mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Kí ẹ má kúrò nílé yín nítorí irọ́ mi, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Àǹtí Ṣìkẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi apá wọn sílẹ̀. Wọ́n ti dìde. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ má dì wọ́n mú, mo ní kí ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára wọn, kí wọ́n dá rìn. Ẹ máa bọ̀, Mà. Bí ẹ bá fẹ́ fọ́ mi létí, etí rèé. Ẹ ṣáà máa bọ̀.