Màmá Iyì Ni Kẹ́ Ẹ Pè Wọ́n

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ jókòó sábẹ́ kánópì níwájú ilé wa nírọ̀lẹ́ yìí, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má bínú pé ẹlòmíràn ló ń bá mi ka ọ̀rọ̀ mi. Ojú ń tì mí láti dìde láàárín èrò. Èmi ni ìyàwó ọmọ Màmá ọkùnrin kejì, tí wọ́n gbé wálé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá. Mi ò ka ìwé pírámárì tán, nítorí náà ọwọ́ mi ò dáa, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó dórí bébà. Eyínfúnjowó, àbúrò ọkọ mi tẹ́ ẹ̀ ń kà á, tẹ́ ẹ bá débi tí lẹ́tà ti wọ́ sílẹ̀, ẹ dúró wò ó dáadáa. Ẹ má fò ó.

Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Pósítà tó wà lára ògiri níta yẹn, "Màmá Fisáyọ̀" ló wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ méjì ni Màmá fi sáyé lọ. Ẹ̀yin èèyàn wa, ọmọ mẹ́ta ni Màmá bí. Màmá Iyì ni wọ́n ń jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní Ìgàndó mọ̀ ọ́n. Àkọ́bí wọn wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún. Látọjọ́ tí adájọ́ ti sọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn èèyàn ti ń fi orúkọ ọmọ tó tẹ̀ lé e pe Màmá, Màmá Fisáyọ̀. Àánú ni wọ́n fi ṣe é, mo mọ̀. Màmá ò dáhùn. Ẹ pè wọ́n nídìí ẹ̀rọ omi, wọn ò dáhùn. Ẹ pè wọ́n láti òdìkejì títì, wọn ò dáhùn. Pásítọ̀ pè wọ́n síwájú fún ọpẹ́, Màmá jókòó, wọ́n ń wo síílìn. Ìgbà tí ẹni tó jókòó tì wọ́n fọwọ́ tọ́ wọn, wọ́n ní, "Ta ni Pásítọ̀ ń pè? Mi ò mọ̀ ọ́n o."

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Kí ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé tó parí, mo ti fún gbogbo wọn lórúkọ tèmi. Màmá jókòó sórí àpótí ní kíṣìnì, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé o ti parí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ò tíì parí. Ó ku ẹnì kan."

Mo mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Ọkọ mi ti kìlọ̀ fún mi pé a kì í dárúkọ rẹ̀ níṣojú Bàbá Adéríbigbé, olórí ẹbí wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣa ẹ̀wà.

Màmá ní, "Ṣé Iyìolúwa ti kú ni?"

"Rárá, mà."

"Fún un lórúkọ, jàre."

Mo rò ó títí. Mo ní, "Bọ̀dá Máabọ̀." Màmá ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ, ṣùgbọ́n èyí tó dáa ni wọ́n ń jù nù.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí Màmá fi ayé wọn ṣe. Àwọn àti àwọn ìyá bíi tiwọn, láti ibí dé Kutonu, dé Akíra ní Gánà, wọ́n ń bẹ gbogbo ìjọba apá ibí yìí kí wọ́n fagi lé ìdájọ́ ikú. Togo ti fagi lé e. Sierra Leone ti fagi lé e. Màmá máa ń pe orúkọ wọn bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ-ọmọ, wọ́n á wá ní, "Ó ku tiwa." Wọn ò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n máa ń ní, "Ọmọ mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ja ṣọ́ọ̀bù yẹn lólè tí ọlọ́dẹ fi kú. Òun kọ́ ló yìnbọn, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Kí wọ́n tì í mọ́lé. Kí wọ́n má ṣáà pa á."

Mo tẹ̀ lé wọn lọ sí Ìkòtún lọ́jọ́ kan, láti gba ìfọwọ́sí àwọn èèyàn. A dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Mọ̀nsúrát tó ń ránṣọ. Ó ní, "Màmá, ẹ gbé bébà yín kúrò lórí máṣíìnì mi. Àwọn olè ló pa ọkọ mi ní Àgbàdo. Ṣé kí ìjọba wá máa bọ́ wọn ni?" Mo ti ń fa ìró Màmá pé ká máa lọ. Màmá ká bébà, wọ́n fi sápò. Wọ́n ní, "Kí lorúkọ ọkọ ẹ?"

Àǹtí wò wọ́n. "Ṣàíbù."

"Sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún mi."

A ò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi ń palẹ̀ ọjà mọ́. Àǹtí ò fọwọ́ sí bébà yẹn títí dòní. Ṣùgbọ́n mò ń rí i láti ojú fèrèsé kíṣìnì tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Òun ló fi ìbòrí dúdú borí, lórí àga ẹ̀yìn yẹn. Àǹtí, ẹ ṣeun.

Ẹ tún wo géètì wa. Ẹ rí àkísà tí wọ́n dì mọ́ irin rẹ̀, táwọn èèyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Bọ̀dá Máabọ̀ ló sọ fún Màmá, lórí fóònù tí wọ́dà kan máa ń yá a, pé níbi táwọn wà, tí irin ìlẹ̀kùn bá ti dún ní kùtùkùtù, gbogbo wọn á dákẹ́. Wọ́n á máa fetí sí ẹsẹ̀ wọ́dà, bóyá ẹsẹ̀ yẹn á kọjá, bóyá á dúró. Látìgbà yẹn, Màmá ò fẹ́ kí irin dún nínú ilé yìí mọ́.

Láàárọ̀ tí Màmá kú, mo gbọ́ irin géètì. Mo jáde. Àkísà wà níbẹ̀, géètì wà ní títì. Àràárọ̀ ni mo ń gbọ́ ọ báyìí. Ọkọ mi ò gbọ́ ọ, mi ò sì tíì sọ fún un. Màá kàn dùbúlẹ̀, màá máa retí bóyá ẹsẹ̀ yẹn á kọjá.

Bọ̀dá Máabọ̀ ò tíì mọ̀ pé ìyá òun ti lọ. Bàbá Adéríbigbé ní ká má sọ fún un, pé kó má lọ ṣe ara rẹ̀ ní nǹkan. Wọ́n tún ní ká má dárúkọ rẹ̀ níbí. Bàbá, mo kúnlẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Tí wọ́n bá ń pe àwọn ọmọ lọ́la kí wọ́n wá bu iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pe tirẹ̀. Kí ọkọ mi bá a bù ú.

Màmá, ẹ máa lọ ní ìrọ̀rùn. Kí ìlẹ̀kùn ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ má dún. Ẹ má wẹ̀yìn nítorí àwọn bébà yín, wọ́n wà lọ́wọ́ mi. Màá máa lọ sípàdé àwọn ìyá. Ojú á máa tì mí, màá sì máa lọ. Mo nígbàgbọ́ pé yóò kan tiwa náà. Tí Bọ̀dá Máabọ̀ bá wálé, èmi ni màá

Ẹ dárí jì mí, Bàbá ló ké sí mi láti pálọ̀. Fóònù Màmá ló ń dún lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó, wá gbà á. Máabọ̀ ẹ ni." Bàbá ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ bá mi dákẹ́ díẹ̀, mò ń lọ sọ fún un pé Màmá Iyì ti lọ.