Àpótí Rọ́bà Tí Oòrùn Ti Jẹ

Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Oyún inú mi ti wọ oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikùn yìí ló ń dá mi lágara. Ìyá mi ló ń pè mí láti Ìlá pé òun ti ń di ẹrù, òun ń bọ̀ ní Bìní wá wẹ ọmọ. Bàbá Tọ́lá, ọkọ mi, sì ti yarí kanlẹ̀ pé Màmá lè wá o, ṣùgbọ́n wọn ò ní fọwọ́ kan ọmọ òun nídìí omi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé irú ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níwájú ìyá tó bí mi?

Nígbà tí mo lóyún Tọ́lá, àkọ́bí mi, ni mo ra àpótí rọ́bà aláwọ̀ búlúù kan. Èyí onígi tí a ní tẹ́lẹ̀ ti rà mọ́ ìdí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé wa ní Ugbor, ní Bìní níbí. Mo ní rọ́bà kì í jẹrà, kí ni òjò fẹ́ fi ṣe? Ọ̀nà ò gba ibi tí mo fojú sí. Òjò ni mo ń ṣọ́, n kò rántí oòrùn. Ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko ni àpótí náà fi wà níta. Nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣì, mo ní ìdọ̀tí ọṣẹ ni.

Nígbà tí mo bí Tọ́lá, Màmá dé, wọ́n ń wẹ ọmọ bí àwọn àgbà ṣe ń wẹ̀ ẹ́: wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ́ ọmọ lé e. Bí wọ́n bá dìde, ìdí ìró wọn á ti funfun. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: “Màmá, ṣé ọmọ lẹ pa páúdà fún ni, àbí ara yín?” Èmi náà ni mo ń bá wọn gbọn ìró. Páúdà kọ́ o! Àpótí yẹn ló ń ré dànù díẹ̀díẹ̀ sára aṣọ ìyá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ “kàà!” Kí n tó sáré débẹ̀, ẹsẹ̀ àpótí ti ṣẹ́, Màmá ti ṣubú sórí kọnkéré, egungun ìbàdí wọn ti dá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn méjèèjì wà lókè, Tọ́lá wà níbẹ̀ tòun ti ọṣẹ lára, ó ń ké. Kò fara kan ilẹ̀ rárá. Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń tiro.

Tọ́lá ti ń lọ sí iléèwé báyìí, Pijin ló sì ń sọ. Lánàá, òun ló gbé fóònù: “Grandma, your leg still dey pain you?” Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó gbé e fún mi. “Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ọkọ rẹ. Ẹsẹ̀ mi ló bàjẹ́ o, ọwọ́ mi kò ṣe nǹkan kan.”

Bí ẹ bá fẹ́ ra rọ́bà tí yóò máa gbé inú oòrùn, ẹ fi èyí tó ń dán lójú sílẹ̀, ẹ mú dúdú tó nípọn. Bí èyí tó wà nílé yín bá ń fi ẹfun sí yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ nù. Èmi ti ra àpótí onígi. Ìmọ̀ràn ló kù tí mo ń wá. Ọwọ́ tí kò jẹ́ kí ọmọ mi kan ilẹ̀ ni ọkọ mi ní kí n lé kúrò nídìí omi. Ẹ̀yin ìyá, ta ló lẹ́nu irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?