Abọ́ Ẹ̀wà Ìbejì Tí Mo Gbé Wọ Kíláàsì

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dákun, ẹ má tíì gbé Ìyá Ìbejì lọ. Ìwàásù ni ẹ ní kí n wá ṣe, ṣùgbọ́n mi ò lè wàásù lórí òkú obìnrin tí mo ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù níkùn mi. Ara mi náà ò yá, bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, mi ò mọ̀ bóyá mo tún lè sọ ọ́ mọ́.

Ẹ̀yin àgbà rántí ìgbà tí Rẹfolúsíọ̀n àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná ní Kútọnú, tí a ń pe ara wa ní kamaráàdì, tí èèyàn ń wo ẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ ni mo wà nígbà náà. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìtọ́jú ọkàn àti ìwà tó yẹ Kristẹni ní àṣà kan: kí olúkúlùkù lọ bẹ ọmọ ìjọ wò, kó gbọ́ ìṣòro rẹ̀, kó wá rò ó fún kíláàsì láìdárúkọ, kí a jọ wo ohun tó yẹ kí pásítọ̀ ṣe. Ẹnu mi dùn, mo sì mọ̀ pé ó dùn. Òun gan-an ló pa mí.

Ìbíjọkẹ́ tó sùn síwájú wa yìí ni wọ́n yàn fún mi ní àdúgbò Akpakpa. Ó fi mí ṣọmọ. Lọ́jọ́ kan ó ti ilẹ̀kùn, ó ní Táíwò òun kò sá lọ sí Nàìjíríà bí òun ti ń sọ kiri. Ọmọ náà ti fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ ìtakò ìjọba sára ògiri ilé ìwé, wọ́n ń wá a, ó wà lọ́dọ̀ Àbẹ̀ní, àbúrò òun, ní Agblangandan. Ó wá bi mí pé, "Ọmọ mi, bí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ Rẹfolúsíọ̀n bá dé, tí mo ní n kò mọ ibi tó wà, ṣé Ọlọ́run á ka irọ́ náà sí mi lọ́rùn?"

Ìbéèrè náà ni mo gbé lọ sí kíláàsì. Mo fi orúkọ pamọ́, mo fi àdúgbò pamọ́. Àmọ́ mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ wọ́n lára, mo bá fi iyọ̀ sí i: mo ní bí ìyá náà bá se ẹ̀wà ìbejì, abọ́ kan ni fún ọmọ tó wà nílé, á sì gbé abọ́ kejì lọ fún èyí tó sá pamọ́ sílé àbúrò rẹ̀. Gbogbo wọn mí kanlẹ̀. Olùkọ́ yìn mí. Ẹ wo òmùgọ̀! Ìjọ wa ò fẹ́ irú àṣà bẹ́ẹ̀, obìnrin kan ṣoṣo ló ṣì ń se ẹ̀wà ìbejì láàárín wa, Adélékan tó jókòó tì mí sì ti jẹ nínú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ó sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni ń sọ ìtàn lásán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀. Wọ́n mú Táíwò ní Agblangandan, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ní òkè àríwá, ibẹ̀ ló kú sí.

Èyí burú, ṣùgbọ́n ó ku èyí tó burú jù. Ìbíjọkẹ́ wá bá mi, ojú rẹ̀ wú. Ó ní èmi àti Àbẹ̀ní nìkan ló mọ ibi tí ọmọ wà. "Ìwọ jẹ́ ẹni Ọlọ́run," ó ní. "Àbẹ̀ní ló ta ọmọ mi." Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́. Mo rántí pé wọn á lé mi nílé ẹ̀kọ́, ni mo bá ní ká gbàdúrà. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dárí ji Àbẹ̀ní. Ahọ́n mi yìí náà ni. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ìyá méjì ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ pásítọ̀, ẹ má fi àṣírí ọmọ ìjọ wá ìyìn. Kẹ́hìndé, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bí o bá fẹ́ lé mi, lé mi. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ ṣílẹ̀kùn. Ìyá rẹ ló ní àbúrò òun ò gbọdọ̀ fojú kan òkú òun, èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu. Àbẹ̀ní ti wà lójúde láti àárọ̀.