Àpótí Tí Mo Fi Orúkọ Ọmọ Ọlọ́mọ Ṣí

Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì Durumi, ẹ fi àdúrà sílẹ̀ ná, kí n tú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nígbà tí ohùn mi ṣì ń jáde. Dókítà ti ní ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Èmi Ọlábímtán onísáyẹ́ǹsì tí ẹ fi ń yangàn, ìkà ni mí.

Ẹ rántí ìjẹ́rìí mi. Niutirino àgàn là ń wá, nǹkan bíńtín tí kì í fara kan ohunkóhun, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì rí. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ wà lókè òkun. Àwa ní Abuja ń yẹ ohun tó bá gbà sílẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà. Apá kan rẹ̀ wà ní títì. Àpótí là ń pè é. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ yọjú sí i títí a ó fi fẹnu kò lórí bí a ó ṣe kà á, kí ìfẹ́ ọkàn wa má baà tàn wá jẹ.

Mo yọjú. Ó dà bíi pé mo rí i níbẹ̀. Ara mi ò gbà á mọ́, mo bá dìde láàárín yín, mo ní Ọlọ́run ti jẹ́ kí n rí niutirino àgàn. Bí àwọn ìyá ṣe gbọ́ "àgàn," wọ́n pariwo, "A ò ní yàgàn lórúkọ Jésù!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Mofìyìnfólúwa, ọmọ tí mo ń kọ́ níṣẹ́. Lẹ́yìn ìsìn ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Congrats, sà. But a ò tíì ṣí àpótí now. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"By faith ni," mo dá a lóhùn.

"Àmín, sà."

Ó gbà mí gbọ́! Síbẹ̀ àyà mi já, torí bó bá lọ bèèrè bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, Dókítà Kúnbi, ó parí fún mi nìyẹn. Mo bá sáré ṣáájú. Mo sọ fún Kúnbi pé mo fura pé ẹnì kan ti ṣí àpótí. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ Mofìyìnfólúwa ni kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ pé ó ṣí i. Ìgbà tó lọ ra oúnjẹ ọ̀sán fún mi, tí kò pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ni mo ti ibẹ̀ yọjú. Ẹ gbọ́ ìwà ọ̀dájú! Ọmọ náà ń sunkún, "Sà, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ o. Ẹ mọ̀ mí now." Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Wọ́n lé e.

Nígbà tí wọ́n wá ṣí àpótí, kò sí niutirino kankan níbẹ̀. Àmì asán tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ gbé jáde ni mo rí.

Abaji ni Mofìyìnfólúwa ti ń ṣe tíṣà báyìí. Ó wá kí mi lánàá. Ó ní, "Sà, ẹ̀bi mi ni, èmi ni mi ò pa kọ̀ǹpútà. Mo kó ìtìjú bá yín. Ẹ dárí jì mí." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é padà, kẹ́ ẹ pe Kúnbi pẹ̀lú kí n tó kú, torí mo gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, mo ní mo ti dárí jì í.