Fọ́tò Ogun Tí Ìyá Làtífù Máa Ń Wá Kí

Nígbà tí egungun mi ṣì le, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé l'Ọ̀fà níbí, ẹ̀gbọ́n mi Gàníyù ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò lójú ọ̀nà rélùwéè. Ẹ gbọ́, fọ́tò kì í ṣe ohun tí wọ́n ń yà ní ìyàkuyà bíi ti fóònù yín yìí o. Èèyàn á wẹ̀, á para, á wọ aṣọ ọdún… Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì.

Bọ̀ọ̀dá Gàníyù ti ṣe sójà rí. Kámẹ́rà ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ nígbà ogun abẹ́lé. Fọ́tò ńlá kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Sójà kan gbé ẹnì kejì rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń sá bọ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lára wọn, ó fajú ro. Làtífù ni sójà yẹn, ọmọ àdúgbò wa. Kò padà sílé mọ́. Ìyá rẹ̀, tó ń gbin kúkúndùkú, kò ní fọ́tò rẹ̀ mìíràn. Gbogbo Jímọ̀ ló máa ń yà wá kí i. Á ní, "Làtífù, o kú iṣẹ́ o."

Ta ló ń kí fọ́tò lónìí?

Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ogun, ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè, ó wá kí Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n jọ wà lójú ogun ni. Ó rí fọ́tò yẹn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Gàníyù! O ṣì gbé irọ́ yìí kọ́? Èmi mà ni mo wà lẹ́yìn Làtífù yẹn! Kò sóhun tó ṣe mí. Epo pupa lẹ̀jẹ̀ yẹn!"

Kò mọ̀ pé ìyá Làtífù ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Inú bí mi. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti ń parọ́ fún ìyá yìí látọjọ́ yìí wá?"

Bọ̀ọ̀dá di orí mú. "Làtífù gbé èèyàn lóòótọ́. Ọjọ́ tó ṣáájú ni. Mo rí i, àmọ́ ẹ̀rù ò jẹ́ kí n lè tẹ kámẹ́rà. Ọ̀gá wa ní dandan, òun fẹ́ fọ́tò. Ni mo bá ní kí wọ́n tún un ṣe."

Mo ní, "Kí wọ́n tún ogun ṣe?"

Àlejò yẹn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá. "Òótọ́ ló sọ, ìyá. Ẹni tí Làtífù kọ́kọ́ gbé, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kú sí. Kò fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì rárá. Ojú tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, kì í ṣe eré."

Ìyá wo ògiri títí… Ó ní, "Ṣé ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà?"

"Ó rẹ́rìn-ín, ìyá. Bí wọ́n ṣe yà á tán, ó jù mí sínú ẹrẹ̀. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín."

Bọ̀ọ̀dá sáré dìde, ó wọ yàrá dúdú tó ti máa ń fọ fọ́tò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àṣé ó ya ẹ̀rín yẹn náà, fíìmù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀! Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí ni. Ó mú un jáde, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Kò mọ́lẹ̀ dáadáa, àmọ́ eyín Làtífù funfun báláú.

Ìyá gbé e mọ́ àyà, omi lójú. "Ọmọ mi rèé. Ẹ jẹ́ kí tògiri wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ sọ bó ṣe jẹ́ fáráyé."

Bọ̀ọ̀dá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò ara ògiri yẹn gàdàgbà: *Làtífù, ọmọ Ọ̀fà. Èmi ni mo ní kó tún un ṣe.* Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò yọ ọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a.

Háà… Wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ikán ti jẹ àwọn fíìmù rẹ̀. Fọ́tò ńlá yẹn àti ti ẹ̀rín, mi ò mọ ẹni tó gbé wọn lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò yín, kẹ́ ẹ sì kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìyá ti lọ, Bọ̀ọ̀dá ti lọ, àlejò yẹn ò tún wá mọ́. Èmi nìkan ló kù tó mọ bí ẹ̀rín Làtífù ṣe rí.