Ìlà Kan Tí Mo Fò Nínú Ìwé Sica

Ẹ jẹ́ kí Aloara sún mọ́ mi, kó jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ̀. Ẹ gbé omi yẹn kúrò, mi ò mu. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì láti ọdún mẹ́tàlélógún kò jẹ́ kí n sùn, kò sì ní jẹ́ kí n kú, àfi tí mo bá bì í síta.

Gbogbo ìlú Salerno ló mọ̀ pé èmi Altruda àti Sica jọ kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ẹwà obìnrin lọ́dọ̀ Màmá Gemma ni. Ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ni mo gbé dàgbà, mo mọ Látìnì kọ, èmi ni mo sì ń kọ àwọn oògùn Màmá Gemma, ìyá wa, sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìyá kì í yìn mí. "Ọwọ́ Sica rọ̀ bí òwú," á máa wí níwájú àwọn oníbàárà. "Altruda ní tiẹ̀, ẹ gbé ojú fún un kó kùn, tàdáwà ni yóò fi kùn ún." Wọn á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, n ó sì padà sídìí ìwé mi.

Nígbà tí ojú ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ó ní kí n da ìwé náà kọ fún Sica, torí Sica ni yóò rọ́pò òun. Oògùn kan wà níbẹ̀ tí ìyá kì í sè lójú ẹnikẹ́ni, èyí tó ń mú irun ojú re. Òkúta ẹfun tí a fi iná sun ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ òkúta yẹ́lò olóró. Ìlà tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ní kí a fi ìyẹ́ adìyẹ bọ inú rẹ̀, bí irun ìyẹ́ náà bá re, ó ti jinná; kí a má sì jẹ́ kó pẹ́ lára, torí ó ń jóni. Nígbà tí mo dé ìlà yẹn, mo fò ó. Mo sọ fún ara mi pé ara ẹnì kan á kàn pupa díẹ̀ ni, ìyá á sì gba ipò náà lọ́wọ́ Sica fún mi. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Mo ti mọ̀ pé ó ń jóni, èmi ni mo kọ ọ́.

Aloara, ìwọ ni ìyàwó ojú ọ̀nà tó kọ́kọ́ pe Sica. Ó jẹ́ kí oògùn náà pẹ́ lójú rẹ títí ó fi jó ọ, torí ìwé kò ní kó má pẹ́. Wọ́n gbọ́ igbe rẹ dé èbúté. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọ kò padà wá mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Sica gbé ìwé náà wá bá mi, ojú rẹ̀ ti wú. "Ọ̀rẹ́ mi, bá mi wò ó. Látìnì tèmi ò tó nǹkan. Àbí mi ò kà á dáadáa ni?"

Ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti burú jù. Mo gbà á, mo kà á bí ẹni tó ń wá nǹkan, mo ní, "Bí ìyá ṣe sọ ọ́ nìyí. Ìwọ lo sè é jù."

Ó ní, "O ṣeun tó o sọ òótọ́ fún mi."

Kò fọwọ́ kan ojú obìnrin kankan mọ́. Ẹja ló ń rù títí ó fi kú. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ àjọ̀dún Mátíù Mímọ́, alábòójútó ìlú wa, ó ń lọ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ, Aloara, o kò sì ṣílẹ̀kùn fún un rí. Mo máa ń kọjá níbẹ̀. Mo máa ń kí i pé ó kú oòrùn.

Mo ń bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Àmọ́ má tíì dá mi lóhùn. Kọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n sin Sica sí, kí o pè é lórúkọ, kí o sọ fún un pé kò ṣẹ̀ ọ́ rí.