Àwòrán Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Ẹ Pàtẹ́wọ́ Fún

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́jọ́ tí wọ́n fi fíìmù mi hàn, tí ẹ dìde dúró, tí ẹ pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ yín fi pọ́n, mo wá dá àtẹ́wọ́ náà padà fún yín. Kì í ṣe tèmi. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri bí aboyún tí kò fẹ́ kí ayé mọ̀, ṣùgbọ́n oyún kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ bò. Bí mo bá tún dákẹ́ títí di ọ̀la, ẹlòmíràn ni yóò máa jẹ ìyà rẹ̀ lọ. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bínú.

Ọmọ tí ìwé ìfẹ́ tọ́ dàgbà ni mí. Mo kà wọ́n lábẹ́ ìrọ̀rí, mo kà wọ́n nínú ìwé ìṣirò. Nínú àwọn ìwé yẹn, bí ọkàn obìnrin bá gbọgbẹ́, irun rẹ̀ á tú, omijé á ṣàn dé àgbọ̀n, á lọ dúró sójú fèrèsé. Ìyá Oní-ìfẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń pè mí. "Ìyá Oní-ìfẹ́, omi hó dànù lórí iná, ìwọ ń sunkún nítorí ọkùnrin inú ìwé." Ọdún méje ló fi jù mí lọ. Télọ̀ ni, iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, orí rẹ̀ dàrú, wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní oògùn funfun róbótó kan tí á máa lò láràárọ̀. Láti ìgbà náà, àlàáfíà ni. Nọ́ọ̀sì ní kí ẹnì kan nínú ilé máa bá a mójú tó oògùn náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò yan Màmá. Ó ní Màmá máa ń wo òun bí ẹni ń wo ẹyin tó fẹ́ já bọ́. Èmi ló yàn. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, èmi ni mò ń to oògùn ọ̀sẹ̀ kan sínú àpótí kékeré oníyàrá méje.

Nígbà tí olùkọ́ wa ní kí oníkálukú fi àwòrán ṣe fíìmù kúkúrú nípa àìsàn ọpọlọ, ẹ̀gbọ́n mi ni mo sáré tọ̀ lọ. Kì í ṣe fíìmù tí ènìyàn ń rìn nínú rẹ̀. Àwòrán kámẹ́rà tó dúró ni, ọ̀kan á kọjá, òmíràn á tẹ̀lé e, ohùn á máa sọ̀tàn lórí rẹ̀. Mo rò pé yóò kọ̀. Ó gé òwú lẹ́nu ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín. "Ya ọwọ́ mi, ya ẹ̀rọ mi, bó o bá fẹ́, ya ojú mi. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹni tó ń lo oògùn orí lè rán aṣọ kí ojú rírán rẹ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n má ya imú mi láti ẹ̀gbẹ́, mo bẹ̀ ẹ́." Mo ya ife omi tó máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí oògùn ń gbẹ ẹ́ lẹ́nu. Mo ya bó ṣe ń sinmi lórí ẹ̀rọ bó bá rẹ̀ ẹ́. Mo ya Oníaago, ọkùnrin tó ń tún aago ṣe ní òdìkejì ọ̀nà, tó ń wá wo aago ògiri ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Aago náà kò ṣe nǹkan kan; ọkàn rẹ̀ ló ń ṣe é.

Olùkọ́ wa tẹ́ àwọn àwòrán náà sórí tábìlì, ó wò wọ́n títí. "Wọ́n dára. Ṣùgbọ́n níbo ni àìsàn náà wà? Télọ̀ tí ara rẹ̀ dá ni mò ń wò. Lọ mú òtítọ́ wá." Àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Òtítọ́ ni mo gbé síwájú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo gbé e lọ pàápàá, n kò mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rò pé ojú tó balẹ̀ yẹn ni irọ́, pé oògùn ló da aṣọ bo ẹ̀gbọ́n mi gan-an, ẹni tí irun rẹ̀ á tú lójú fèrèsé.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo kó oògùn rẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ mi, mo fi fítámì funfun tó jọ ọ́ bí ìbejì rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré, mo sọ fún ara mi. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, kò sí ìyàtọ̀ tí kámẹ́rà lè rí. Ọjọ́ Àìkú kejì dé, mo tún to fítámì sí i. Ẹni tó bá ṣì ń wá àwáwí fún mi, kó dúró níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Èmi ni wọ́n ń bá wí. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. "Ìyá Oní-ìfẹ́, orí mi ń sáré, oorun ò kùn mí mọ́. Bá mi rò ó, ṣé mo lo oògùn mi láàárọ̀ yìí?" Mo ní, "Ẹ lò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Ojú mi ló ṣe." Ó mí kanlẹ̀. "A dúpẹ́. Bó bá ṣojú ẹ, a jẹ́ pé mo lò ó."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì rẹ̀, mo bá a nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, láàárín aṣọ oníbàárà mọ́kànlá. Gbogbo wọn ló ti tú. Abẹfẹ́lẹ́ ló fi ń já òwú wọn lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ̀jẹ̀ sì wà ní ìka rẹ̀. "Mo rán wọn fún jù," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé. "Wọn ò ní lè mí nínú ẹ̀." Bó ṣe rí mi, ó na ọwọ́. "Gbé nǹkan yẹn sílẹ̀, wá dì mí mú. Ẹ̀rù ń bà mí." Mo gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ pé n kò gbọ́. Mo tún ojú kámẹ́rà ṣe, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógún ni mo tẹ̀ ẹ́ kí n tó gbé e sílẹ̀. Ọwọ́ tí ẹ rí ní òpin fíìmù nìyẹn, tí ohùn mi ń sọ lórí rẹ̀ pé obìnrin tó gbàgbé oògùn rẹ̀ ló ń nà án sí ìmọ́lẹ̀ tí kò sí. Èmi ni ó ń nà án sí. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jìnnà sí i.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò ní ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ẹ ń pàtẹ́wọ́. Dókítà ní ó dà bíi pé kò lo oògùn rẹ̀. Màmá ní, "Àpótí ṣófo. Ibo lo ń dà á sí?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, mo rántí bí mo ṣe gbé e mì. Mo rántí omi náà, ó tutù. Bí ìyẹn ò bá ṣẹlẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ayé mi?" Èmi wà níbẹ̀, mò ń bó ọsàn fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Oníaago wá. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀bù, mo fetí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mò ń retí ọ̀rọ̀ dídùn. Ó ní kó jẹ́ kí àwọn ṣègbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá. Oníaago ní, "Iṣẹ́ mi kọ́ ni aago? Ṣé ohun tó máa ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa wá lé mi sá?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Aago kì í bímọ. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun gbé oògùn mì, báwo ló ṣe máa mọ̀ bóyá òun ti fún ọmọ lóúnjẹ? Máa lọ, jọ̀ọ́. Orí yìí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé." Mo gbọ́ bí Oníaago ṣe rọra ti ilẹ̀kùn.

Mo jáde lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìbọ̀sẹ̀ dé orí àwòrán kẹtàlélógún. Kò pariwo. Ó ní, "A jẹ́ pé mo gbé e mì." Mo ní, "Ẹ gbé e mì, lójoojúmọ́." Ó tún un sọ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, "Mo gbé e mì, mo gbé e mì," omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà nínú ẹkún náà. Lẹ́yìn náà ló wò mí. Ẹ̀rín yẹn ti lọ. "Gbé àpótí oògùn mi wá. Èmi ni n ó máa tò ó. Ibi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún ẹ, ibẹ̀ ni kó o ti lọ sọ ohun tó o sọ fún mi."

Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì dárí jì mí. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ta ló ti ilẹ̀kùn. Èyí tó kù, àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Oníaago ti padà wá lẹ́ẹ̀mejì. N kò mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, nítorí bó ṣe ń wọlé ni mò ń jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ wo òun, tí ẹ sì rí i pé ara rẹ̀ yá, ẹ gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ yín dá ọgbẹ́ tí ẹ fẹ́ yà. Àti ẹ̀yin tí ẹ wo fíìmù náà, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá pàdé ẹ̀gbọ́n mi lójú ọ̀nà, ẹ má sọ fún ara yín pé obìnrin tó gbàgbé oògùn rẹ̀ ló ń lọ yẹn. Kò gbàgbé rí. Orí tirẹ̀ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Tèmi ni kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.